Gúáfà lo gbọ́, gúáfà ni kí o kọ: lórí títọ́ wáìnì funfun wò

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ilé oúnjẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń gbé ọtí fún oníbàárà. Mo ti yege ìpele kejì ìdánwò WSET, àjọ tó ń kọ́ni nípa wáìnì, mo sì ti forúkọ sílẹ̀ fún ìpele kẹta, níbi tí wọ́n ti máa gbé wáìnì síwájú èèyàn láìsọ orúkọ rẹ̀, pé kó tọ́ ọ wò kó sì kọ ohun tó bá rí. Ti pupa kò yọ mí lẹ́nu. Ti funfun ni ìṣòro mi. Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì á ní àwọn gbọ́ òórùn èso kan tó ń jẹ́ gooseberry, àwọn gbọ́ òórùn òkúta tí omi rin. Èmi á máa gbọ́ gúáfà àti ọsàn wẹ́wẹ́. Nígbà mìíràn, kíkan nìkan ni mo ń mọ̀. Ṣé imú mi ni kò dáa ni, àbí kí n kàn há ohun tó wà nínú ìwé sórí?"

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, imú rẹ dáa, má sì há ohunkóhun sórí. Gúáfà tí o gbọ́ yẹn wà nínú ife náà lóòótọ́, màá sì ṣàlàyé bó ṣe débẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ yí padà. Orúkọ èso lo máa ń wá ṣáájú, bí o kò bá sì rí i, o máa ń rò pé ọwọ́ rẹ ṣófo. Kíkan tí o ní òun nìkan lo mọ̀ yẹn, òun gan-an ló gbé wáìnì funfun ró. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wọ̀n dáadáa ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ kó tó dárúkọ èso kankan.

Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bó bá jẹ́ wáìnì pupa ni, omi èso àjàrà àti èèpo rẹ̀ jọ máa ń wà nínú àgbá nígbà tó bá ń hó. Ara èèpo yẹn ni àwọ̀ pupa ti ń jáde, ibẹ̀ náà sì ni ohun tó ń mú ẹnu gbẹ tó sì ń fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ̀ ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí pupa kò fi yọ ọ́ lẹ́nu: ohun tí ẹnu lè dì mú pọ̀ nínú rẹ̀. Ti funfun, wọ́n á ti fún omi rẹ̀, wọ́n á sì ti yọ èèpo kúrò, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ohun tó kù ni kíkan, ọtí, àti ṣúgà bó bá ṣẹ́ kù. Bí kíkan bá lọ sílẹ̀ jù, wáìnì náà á kú sẹ́nu, bó ti wù kí òórùn rẹ̀ dára tó.

Itọ́ la fi ń wọn kíkan. Mu díẹ̀, yí i ká gbogbo ẹnu, tu ú dànù, kí o wá la ẹnu díẹ̀ kí o sì tẹ orí síwájú. Dúró. Ṣàkíyèsí abẹ́ ahọ́n rẹ àti ẹ̀gbẹ́ párí ẹ̀kẹ́. Bí itọ́ bá tètè sun jáde tí kò sì fẹ́ dáwọ́ dúró, kíkan rẹ̀ ga. Bó bá wá díẹ̀ tó sì lọ, kò ga. Má ṣe béèrè lọ́wọ́ ahọ́n rẹ bóyá ó kan tàbí kò kan, torí ṣúgà máa ń tan ahọ́n jẹ. Itọ́ ni ṣúgà kò lè tàn.

Màá fi Riesling hàn ọ́, torí kò sí èso àjàrà tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí tó o. Ra ìgò kan láti etí odò Mosel ní Jámánì, kí wọ́n kọ Kabinett sí i lára, kí ọtí inú rẹ̀ wà láàárín 8% sí 9%. Ìwọ̀n ọtí tó kéré yẹn ti sọ nǹkan fún ọ kí o tó ṣí i: ìwúkàrà, tó ń sọ ṣúgà di ọtí, kò jẹ gbogbo ṣúgà inú rẹ̀ tán. Ra èkejì láti Clare Valley ní Ọsirélíà, èyí tí kò dùn rárá, tí ọtí inú rẹ̀ tó nǹkan bíi 12%. Dà wọ́n sí ife méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí mo bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé èwo ló kan jù, ti Clare ni ọ̀pọ̀ máa ń tọ́ka sí lójú ẹsẹ̀. Mo á ní kí wọ́n tu méjèèjì dànù, kí wọ́n sì dúró de itọ́. Ojú wọn á yí padà. Ti Mosel ń fa itọ́ bíi ti èkejì, nígbà mìíràn ó tún ju ti èkejì lọ. Bí ẹni da ṣúgà sí gàrí Ìjẹ̀bú ló rí: ṣúgà kò lé kíkan lọ, ó kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ọjọ́ tí o bá mọ ìyàtọ̀ yìí lẹ́nu ara rẹ, wáìnì funfun kò ní bà ọ́ lẹ́rù mọ́.

Lẹ́yìn kíkan, wọn àwọn tó kù. Dídùn rèé: orí ahọ́n lo ti máa mọ̀ ọ́n, ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí òórùn èso tó pọ́n tàn ọ́ sọ pé ó dùn nígbà tí kò sí ṣúgà níbẹ̀. Bí o bá ń ṣiyèméjì, di imú rẹ mú kí o tọ́ ọ wò. Òórùn á lọ, ohun tó bá kù lórí ahọ́n ni òótọ́. Ọtí, ọ̀nà ọ̀fun ló ti máa ń gbóná. WSET ka ohun tí kò tó 11% sí kékeré, 14% sókè sì ga. Bí ó ṣe wúwo tó, ìyẹn bó ṣe jókòó lórí ahọ́n, kọ́ ọ pẹ̀lú wáìnì Faransé méjì: Muscadet tó fẹ́ẹ́rẹ́ àti Meursault tó kún ẹnu. Lẹ́yìn tí o bá tu ú dànù, ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí adùn rere fi wà lẹ́nu, má ka gbígbóná ọtí mọ́ ọn. Gbogbo èyí ni wọ́n ń fún èèyàn ní máàkì fún, o kò sì nílò orúkọ èso kankan láti gbà wọ́n.

Kíkan náà ní irú tirẹ̀, níbí ni ẹnu tí wọ́n fi ògì tọ́ sì ti ní àǹfààní ńlá. Èso àjàrà máa ń ní ásíìdì kan tó jẹ́ pé òun náà ló wà nínú ápù tútù, malic lorúkọ rẹ̀. Ó mú, ó sì ń gún èèyàn létí ahọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ wáìnì tí wọ́n fi àjàrà Chardonnay ṣe, pàápàá ti Burgundy ní Faransé, lẹ́yìn tí ìwúkàrà bá ti ṣe tirẹ̀ tán, kòkòrò àìfojúrí kan á wọlé, á sì sọ ásíìdì yẹn di lactic, èyí tó wà nínú wàrà tó kan. Òun náà ló ń mú ògì kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti mu omi ògì rí mọ bí kíkan rẹ̀ ṣe rí: ó rọ̀, ó fẹ̀, kò gún èèyàn bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́. Tọ́ Sauvignon Blanc wò, kí o tọ́ Chardonnay Burgundy wò tẹ̀ lé e, kí o máa wá ìyàtọ̀ yẹn. Nígbà tí iṣẹ́ kòkòrò yìí bá ń lọ, èròjà kan tó ń jẹ́ diacetyl máa ń jáde, òun ló ń rùn bíi bọ́tà. Bí wọ́n bá fi wáìnì náà sílẹ̀ pẹ́ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìwúkàrà, bọ́tà yẹn máa ń lọ sílẹ̀, òórùn búrẹ́dì á sì wá sókè. Nítorí náà, má ṣe retí bọ́tà nínú gbogbo Chardonnay. Kì í ṣe òórùn èso àjàrà náà, òórùn iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni. Fàníílà àti igi tí wọ́n sun díẹ̀ jẹ́ ti àgbá igi. Bí o bá gbọ́ àgbọn, fura sí igi oaku Amẹ́ríkà.

Ó kan gúáfà wàyí. Sauvignon Blanc láti Marlborough ní New Zealand ni mo gbà pé o tọ́ wò, torí ibẹ̀ ni òórùn yẹn ti máa ń le jù. Ẹbí òórùn méjì ló wà nínú èso àjàrà yìí. Èkíní ni ti ewé: koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tàtàṣé tí kò tíì pọ́n. Àwọn èròjà tó ń fà á ni wọ́n ń pè ní methoxypyrazine, wọ́n sì wà nínú tàtàṣé aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà káàkiri Lọ́ńdọ̀nù. Bí èso bá ṣe ń pọ́n sí i nínú oòrùn ni wọ́n ń dín kù, nítorí náà bí òórùn ewé bá pọ̀ nínú ife, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tó tutù ni wọ́n ti gbin àjàrà náà, tàbí kí wọ́n ti tètè ká a. Ẹbí kejì ni àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní thiol. Wọn kò ní òórùn nínú omi èso àjàrà. Ibẹ̀ ni wọ́n wà ní dídè, ìwúkàrà ló ń tú wọn sílẹ̀ nígbà tí wáìnì bá ń hó. Denis Dubourdieu àti Takatoshi Tominaga ní Bordeaux wà lára àwọn onímọ̀ tó tú àṣírí wọn ní àwọn ọdún 1990. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní 3MH wà nínú passion fruit, ó wà nínú grapefruit, ó sì wà nínú gúáfà. Ohun tí imú rẹ mọ̀ láti kékeré ló tún pàdé nínú ife. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lẹ́nu rẹ.

Ti gooseberry, kò sí idán kankan níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti jẹ ẹ́ ní ilé ìyá àgbà wọn, ìwọ kò tíì jẹ ẹ́. Oṣù kẹfà àti ìkeje ló máa ń jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ra paali kan, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ ní tútù, tẹ ọ̀kan fọ́ kí o gbóòórùn rẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, má kọ ọ́. Nínú ìdánwò, kọ gúáfà, kí o sì kọ èso mìíràn tí o mọ̀ nínú ẹbí kan náà tì í, bíi passion fruit tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó, bó bá jẹ́ pé o gbọ́ ọ. Àkójọ ọ̀rọ̀ tí WSET tẹ̀ jáde, ìrànwọ́ ni wọ́n pè é. Ẹni tó ń ṣe máàkì ń wò ó bóyá o mọ̀ pé èso ilẹ̀ olóoru ni àbí ápù àbí ọsàn. Ẹni tó bá kọ èso tí kò mọ̀ rí, ìdáhùn rẹ̀ kì í bára mu: á kọ gooseberry, èso tó kan, síbi kan, á sì pe kíkan rẹ̀ ní kékeré síbòmíràn.

Ọ̀nà tó dára jù láti kọ́ imú, Ann Noble ló fi hàn wá. Ní yunifásítì tó wà ní Davis ní Kalifọ́níà ló ti kọ́ni, ní 1984 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àkójọ òórùn wáìnì jáde, èyí tí a wá mọ̀ sí kẹ̀kẹ́ òórùn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí ìwé lásán. Ó ní kí wọ́n mú wáìnì olówó pọ́ọ́kú tí kò ní òórùn púpọ̀, kí wọ́n fi ohun gidi sínú rẹ̀, kí wọ́n sì gbóòórùn rẹ̀. Ṣe é nílé. Ra Pinot Grigio tí kò wọ́n. Da díẹ̀díẹ̀ sínú ife mẹ́jọ. Fi èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, gúáfà sí èkejì, tàtàṣé tútù tín-ín-rín, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ápù tútù, oyin, àgbọn, bọ́tà. Fi àwo kékeré dé wọn fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Yọ ohun tó wà nínú wọn kúrò, kọ nọ́ńbà sí ìdí ife, kí ẹnì kan nílé bá ọ pààrọ̀ ipò wọn. Ó máa yà ọ́ lẹ́nu bí ápù àti oyin ṣe máa ń pòórá mọ́ èèyàn lọ́wọ́ nígbà tí kò bá rí wọn. Tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú nǹkan mìíràn. Kò sí ìwé tó lè fún ọ ní ohun tí èyí máa fún ọ.

Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa òkúta tí omi rin, torí ọ̀rọ̀ náà ti dàrú jù. Àwọn kan gbà pé òkúta inú oko ló gba gbòǹgbò àjàrà wọnú wáìnì. Ní Chablis ní Faransé, níbi tí ilẹ̀ ti kún fún èépá ìsán kéékèèké tó ti di òkúta, wọ́n fẹ́ràn láti sọ bẹ́ẹ̀. Alex Maltman, onímọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ní Aberystwyth ní Wales, ti ṣàlàyé fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kò lè rí bẹ́ẹ̀: ohun tí àjàrà ń fà láti inú ilẹ̀ kéré jù lọ nínú wáìnì, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ní adùn tàbí òórùn. Èmi gbà pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀, òórùn kan wà tí àwọn èèyàn ń tọ́ka sí, ìwọ náà mọ̀ ọ́n: ilẹ̀ gbígbẹ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án. Bí o bá gbọ́ nǹkan tó jọ ìyẹn nínú ife, kọ òkúta tí omi rin. Bí o kò bá gbọ́ ọ, fi sílẹ̀. Òórùn kẹrosíìnì nínú Riesling kò ní àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀. Èròjà TDN ló ń fà á, ó máa ń pọ̀ sí i bí wáìnì bá ṣe ń pẹ́ nínú ìgò, àti bí oòrùn bá ti na èso náà dáadáa lóko. Ẹni tó ti fi sítóòfù kẹrosíìnì dáná rí kò ní ṣi í gbọ́.

Ojú, fún un ní àkókò díẹ̀. Ní 2001, Gil Morrot, Frédéric Brochet àti Dubourdieu kan náà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan gbé iṣẹ́ kan jáde: wọ́n fi àró tí kò ní adùn pa wáìnì funfun láró pupa, wọ́n gbé e fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 54 tó ń kọ́ nípa wáìnì ní Bordeaux, àwọn wọ̀nyí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òórùn tó jẹ́ ti wáìnì pupa. Ojú ló sọ fún imú ohun tó máa gbọ́. Kọ àwọ̀ sílẹ̀, bóyá ó fẹ́ jọ ewé tàbí ó ti ń jọ góòlù, kí o di ojú rẹ kí o tó gbé imú sí i.

Ó ṣeé ṣe kí fíríìjì ilé oúnjẹ yín wà lára ohun tó ń dà ọ́ láàmú. Wáìnì tó ti tutù nini kì í fi òórùn sílẹ̀; kíkan nìkan ló máa ń kù, ohun tí o sì kọ̀wé nípa rẹ̀ nìyẹn. Gbé e jáde, di ife mú láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ títí á fi tó nǹkan bíi 10 sí 12 lórí ìwọ̀n Celsius, kí o tún gbé imú sí i. Bó bá wá jẹ́ pé òórùn páálí tó rin ló gba iwájú, má wá èso kankan níbẹ̀: ìdérí igi (cork) ló ti bà á jẹ́, kí o dá a padà.

Báyìí ni mo ṣe fẹ́ kí àkọsílẹ̀ rẹ rí, fún Chenin Blanc kan láti Stellenbosch ní Gúúsù Áfíríkà: "Kò dùn. Kíkan ga, itọ́ kò dáwọ́ dúró. Ọtí wà láàárín, ó gbóná díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Ó wúwo níwọ̀nba. Òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ápù tó pọ́n, oyin díẹ̀, fàníílà láti inú àgbá. Adùn rẹ̀ pẹ́ lẹ́nu." O rí i pé èso wọlé lẹ́yìn tí ìwọ̀n ti parí. Bí oníbàárà bá béèrè, kò nílò gbogbo rẹ̀. Sọ fún un bó ṣe kan tó, bó ṣe wúwo tó, àti òórùn kan ṣoṣo tó dá ọ lójú. "Ó dùn lẹ́nu" kò sọ ohunkóhun nípa wáìnì, ara rẹ lo sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí oúnjẹ rẹ̀ bá sì ní ata, gbé Kabinett yẹn fún un, torí ọtí tó pọ̀ máa ń mú ata ta sí i, ṣúgà díẹ̀ sì máa ń pẹ̀tù sí i.

Títí di ọjọ́ ìdánwò, má ṣe tọ́ wáìnì kan wò ní òun nìkan. Méjì méjì ni kí o máa ṣe é, kí ìyàtọ̀ lè máa sọ̀rọ̀: Sancerre (Sauvignon Blanc láti Faransé) àti ti Marlborough, Chablis àti Meursault, Vouvray (Chenin láti Faransé) tí kò dùn àti Chenin Stellenbosch. Ẹ̀yin mẹ́rin nínú kíláàsì lè dáwó ra ìgò méjì. Tu ú dànù ní gbogbo ìgbà, torí lẹ́yìn ife kẹta tí èèyàn gbé mì, ohun tó bá kọ sílẹ̀ kò ṣeé gbára lé mọ́. Ní òwúrọ̀ ìdánwò, fọ eyín rẹ ní kùtùkùtù kí ọṣẹ ìfọyín lè kúrò lẹ́nu, má jẹ ata, má sì fín lọ́fínńdà.